Hollis Fá Igi Inú Gìtá Opó

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé ìdí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í lè rí ohun olóhun kí ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́.

1.
Hollis Akers ń tún gìtá ṣe lórí òkè ní Virginia. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Kò sí gìtá tí wọ́n gbé dé tí kò ní bú ẹni tó kàn án. Ó ti sú Reba, ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Odessa tó ń fi gìtá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé tirẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ń fa okùn le ló kán.

"Ọmọ mi, ìyẹn nìkan ni kóo pààrọ̀ o. Vernon, olóògbé ọkọ mi, ló fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Màmá ò tíì dé ọ̀nà tí Hollis fi kan ojú gìtá náà kó, kó, kó, tó yọ ṣùtì. "Vernon ò mọ nǹkan kan! Àwọn igi tó fi gbé ojú ẹ̀ ró nínú ti nípọn jù. Ibo ni ohùn á gbà jáde?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ní kóo ṣe," ni Reba wí.

"Mo ti gbọ́."

2.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, gìtá náà dún, gbogbo ìjọ wẹ̀yìn. Ó ń hó bí odò.

"Hollis, kí lo ṣe sí i?"

"Ọwọ́ mi ni, Màmá. Ọwọ́ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Ni oníkálukú bá ń gbé gìtá tọ̀ ọ́ lọ.

3.
Òtútù ò tíì lọ tán tí ojú gìtá Màmá fi wú níbi tí wọ́n so okùn mọ́, tó rì lẹ́bàá ihò, tó sì là. Ó gbé e wá mọ́yà bí ọmọ tára ẹ̀ ò yá.

Hollis ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo lọ́wọ́. "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, àbí?"

"Ó... ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fi ooru ààrò yan iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ yín."

Màmá bú sẹ́kún. "Vernon, dárí jì mí! Vernon, mi ò mọ̀!" Ó fi gìtá sílẹ̀, ó ń sunkún jáde lọ. Ẹ gbọ́, Hollis ò gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

4.
Reba ò lè gbé e mì. Ó mú dígí àtíkè rẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì, ó ti dígí náà bọ ihò gìtá. Inú gìtá náà pọ́n bí oyin nítorí ọjọ́ ogbó, àmọ́ àwọn igi tó gbé ojú rẹ̀ ró funfun báláú níbi tí abẹ ti kọjá. Ọkọ rẹ̀ ti fá wọn títí wọ́n fi rí bí ìgbálẹ̀, tí wọn ò lè gba agbára okùn mọ́. Reba kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ lo fá a."

"Ṣé ohùn ẹ̀ ò dùn ni?"

"Arúgbó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, ìwọ ń jẹun! Irú èèyàn wo ni ẹ́?"

"Rọra, wọ́n á gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́!" Ó sáré pe Màmá padà láti àgbàlá, ó fi dígí lé e lọ́wọ́.

Màmá wò ó títí. Kò ṣépè. "O rí mi tí mò ń bẹ Vernon," ló wí jẹ́ẹ́. Hollis na ọwọ́ sí i. Màmá fi tirẹ̀ sábẹ́ aṣọ, bí ẹni tí wọ́n na òkú eku sí.

Àwọn yòókù tó ti gbé gìtá wá náà fi dígí wo tiwọn: funfun ni gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbé gìtá débẹ̀ mọ́. Reba ti kó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó ní bí òun bá rí ẹnu tí ń jẹun yẹn, oúnjẹ òun kì í lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ibi tí wọ́n ní kí ẹ dé ni kí ẹ dé. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ jẹ́wọ́; ẹ má fi ẹ̀bi yín di ẹrù lé ẹni ẹlẹ́ni lórí. Ẹni tó yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ọ ṣe.