Bíbélì Ìdílé Zerbach

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lórí Bíbélì wa!" Màmá Zerbach gbá ọwọ́ obìnrin kan tó ń wádìí ìtàn ìdílé dànù. "Ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé wa ni Barbli, ìyá ńlá ẹ. Kí ló kàn ẹ́ nínú àwọn Jámánì tó tẹ àfonífojì yìí dó?"

Láti àárọ̀ ni Màmá Zerbach ti fẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, kò ní kí àlejò ẹ̀ jókòó. Awádìí náà wà lóòró, ó ṣí ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, Konrad tí ẹ ní ó ṣẹ̀ yín sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ló kú."

"Òpònú! Tí ọmọ bá kú láàárín wa, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀lé e ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Konrad kejì ló bí wa."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ọmọ yẹn àti ìyá ẹ̀, bàbá ò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn." Ó ṣí ìwé ìrìbọmi síwájú ìyá àgbà náà. "Ẹ ka orúkọ ìyá Konrad kejì."

Màmá Zerbach wọ awò ojú ẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: Barbli, ọmọ-ọ̀dọ̀.

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni awádìí náà wí. "Ẹsẹ̀ ń ro mí."