Ẹ̀yìn Erinmi Kò Tíì Kún

Àlọ́ mi dá lórí Ẹtu tí kò mọ̀wẹ̀, àti Erinmi tó ń gbé èrò sọdá odò. Erinmi kì í gbéra àfi tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kún, nítorí náà gbogbo èrò a máa sápamọ́ sígbó, kí ẹlòmíràn jókòó sóòrùn dè wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu rí iná tó ń jó lọ bá ọmọ rẹ̀ lódìkejì. Ó gun Erinmi, ó dárin:

"Ẹ wá gùn ún, ọmọ mi kò lè sáré."

Igbó gbè é: "Ó dìgbà tó bá kún."

Ọ̀bọ yọjú. "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Tó bá ku ẹnì kan, ẹ pè mí."

Nígbà tí iná kú, Ẹtu sọ̀kalẹ̀. Kò ní ibi tó ń lọ mọ́.