Najeem Wọn Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lórí Òkìtì

"Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kún fọ́fọ́. Ẹ wo ẹ̀rọ mi."

"Orí òkìtì ọ̀gán lo dúró sí, ọmọ mi. Ibẹ̀ la máa ń gùn ká tó lè pe èèyàn. Sọ̀kalẹ̀, wá sínú ilé."

"Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́, Màmá."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹni tó gbé e dání ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé orí fóònù yín, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan ló rán Najeem sí Abà Ọládòṣù, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kọ́ ẹ̀yìn, kó fẹsẹ̀ rìn láti agbolé dé agbolé, kí ẹ̀rọ náà lè kọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó níbi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ kún ọ̀nà, bàtà Najeem sì funfun báláú. Ó tún fẹ́ parí kí Sàníù, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó parí tirẹ̀ lágbègbè Akínyẹlé, kí ọ̀gá lè yìn ín.

Fárìndé, ọkọ Ìbídùnní, màmá tó bu omi fún un tó sì ní kó sọ̀kalẹ̀, na àdá sọ́nà. "Máa tẹ̀ lé mi. Mo ti yẹ̀nà fún ẹ látàárọ̀."

Najeem rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo kàwé lórí nǹkan yìí. Téèyàn bá ti wọn ojú kan, ó ti wọn gbogbo abà."

"Ọ̀tọ̀ lorí òkìtì, ọ̀tọ̀ nilé o!"

Najeem yí òkìtì po nígbà mẹ́wàá, ó kọ orúkọ gbogbo agbolé sínú ẹ̀rọ, ó wọkọ̀ lọ.

2. Ní ọ́fíìsì, wọ́n wo iṣẹ́ Najeem. Háà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì abà yìí mà pọ̀jù! Wọ́n yí ẹ̀rọ orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kọjú sí abà náà, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ọjà Ìyànà Ọ̀fà. Ọ̀gá bọ Najeem lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkìtì pàápàá kú.

3. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ejò bu Fárìndé jẹ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ìbídùnní sáré gun òkìtì, ó na fóònù sókè, ó ń pe Gàfárù ọlọ́kadà. Kò lọ. Ó tún pè. Kò lọ. Kó tó sáré dé títì, kó tó mú ọ̀kadà padà, ara ọkọ rẹ̀ ti tutù.

4. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ́fíìsì, wọ́n ní kí Najeem lọ tún un wọ̀n, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ pátápátá lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọnú ẹrẹ̀. Igbó ti bo ọ̀nà tí Fárìndé yẹ̀. Nínú yàrá olóògbé, ẹ̀rọ rẹ̀ ò rí nǹkan kan.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé…"

"A sọ fún ẹ."

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má jókòó sójú kan kí ẹ máa kọ orúkọ ibi tí ẹ ò dé. Bí onílé bá ní kí ẹ wọlé wá wò ó, ẹ wọlé. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ìbídùnní gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kọrí sóko. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Tẹ́ ẹ bá tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣe tán, kó o fi pe Bàbá Jìnmí, ọkọ mi, wá fún mi."