Bí Àyà Bámgbọ́pàá Ṣe Ń Lù

Láti ọdún méjì ni Bámgbọ́pàá, ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù lọ, ti ń sọ pé ọwọ́ ń dun òun, kó má bàa bá Fálànà, tó fẹ́ gba bẹ́líìtì rẹ̀, jà. Ṣùgbọ́n òfin ní kó máa jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ìró àyà jáde lọ́jọọjọ́ Ajé, kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ló ń dùn ún lóòótọ́ tàbí ẹ̀rù ló ń bà á.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Fálànà wọlé, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládùntán, lọ́wọ́ mú. Nínú ìjà kan tí wọ́n jà nígbà kan rí, lẹ́yìn tí aago ìparí ti dún ni Bámgbọ́pàá kan Ọládùntán lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Fálànà dúró níwájú ọ̀gá náà, ó kàn ń wò ó. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í ró kì-kì-kì.

"Ariwo kí nìyẹn?" ni Ọládùntán béèrè.

"Àyà Bámgbọ́pàá ni, bọ̀dá mi."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ akànṣẹ́ dìde. "Ẹ̀rù ń bà á. Fálànà, wá gba bẹ́líìtì."

"Mi ò gbà á, sà. Tí kò bá ti lè bá mi jà, kó máa wá jókòó síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi!" ni Bámgbọ́pàá ń bẹ̀.

Ọládùntán rẹ́rìn-ín, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì tẹ́tí.