Ẹ̀jẹ̀ tí Làdánì Fi Pamọ́

Ìwà kan ṣoṣo ló ba gbogbo ìwà rere Tìrìmísíyù jẹ́: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Aránṣọ ni ní Mùṣín, òun náà sì ni làdánì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Lèmọ́mù ti darúgbó, àwọn jàmáà sì ti ń wo Tìrìmísíyù bí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Orí rẹ̀ wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí èèyàn bó ṣe wù ú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn aṣọ Síkírù, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra. Dípò kí ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ló kígbe láàárín èrò pé, "Síkírù, bọ́ síta! Lọ wo jẹ̀díjẹ̀dí rẹ kí o tó wá ba mọ́sáláṣí jẹ́ fún wa." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Síkírù, ṣùgbọ́n ó lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́, ó tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

Kò pẹ́ sí i ni Tìrìmísíyù fúnra rẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá yàgbẹ́. Ta ni yóò sọ ọ́ fún lẹ́yìn ohun tó ti fi ojú Síkírù rí? Bí àwọn jàmáà bá gbọ́, wọn á ní kò ní àlùwàlá, oyè lèmọ́mù á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ṣúgà tì, ó ń mu àgbo. Ó rán ṣòkòtò aláró fún ara rẹ̀ kí àbàwọ́n má baà hàn. Ṣòkòtò náà rẹwà débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rán irú rẹ̀ fún àwọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ ara rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti gbéyàwó.

Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ kò fọ́jú.

"Bàbá Saidat, ẹ ti ń rù. Ẹ kì í lè yàgbẹ́ dáadáa mọ́. Mo sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú omi tí ẹ fi fọṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ńlá ní Erékùṣù Èkó."

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Ta ni kò ní in?"

"Ti Síkírù, dókítà ló sọ fún un pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ló sọ fún ẹ̀yin?"

"Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níta, wàá kó ẹrù rẹ padà sílé bàbá rẹ."

Kùdírátù dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn ún títí ó fi darúgbó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Tìrìmísíyù ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́ ni òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá náà ní Erékùṣù Èkó. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kókó burúkú kan tí wọ́n ń pè ní jẹjẹrẹ ti hù sínú ìfun rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń rí ẹ̀jẹ̀?"

Tìrìmísíyù kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn pé, "Ó ti lé lọ́dún kan, sà."

"Ká ní ẹ wá nígbà yẹn ni, bóyá à bá ti gé e kúrò."

Wọ́n gbé e padà wá sílé. Lèmọ́mù àgbà wá kí i, Tìrìmísíyù sì bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ pé nítorí àlùwàlá àti oyè ni òun ṣe fi í pamọ́. Ẹnu ya bàbá náà.

"Tìrìmísíyù, ṣebí Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Èmi gan-an ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ rí dókítà, n kò sì fi ìrun sílẹ̀. Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n ti kírun sí òkú Tìrìmísíyù lára, ẹlòmíràn ló sì jẹ lèmọ́mù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ti Tìrìmísíyù kọ́gbọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìdí jáde ni jẹ̀díjẹ̀dí, bí kò bá tilẹ̀ dunni rárá. Ẹni tó bá rí i, kí ó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà, pàápàá bí ó bá ń rù tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó lọ. Ẹ má sì fi aláìsàn ṣẹ̀sín láàárín èrò, nítorí ẹ kò mọ ẹni tó dúró níbẹ̀ tó ń fi tirẹ̀ pamọ́.