Dígí Ẹnu Géètì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ àyẹ̀wò, ni ìròyìn dé pé Kẹ́hìndé ọmọ mi ti kú sí ọsibítù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á.

Ó ya dókítà lẹ́nu. Dígí tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé wa kì í tàsé: làpálàpá, aràn, eyín tó ń jẹrà, gbogbo rẹ̀ ló ń rí. Ẹni tó bá tan iná pupa sí, ọkọ̀ ìlera á gbé e lọ gba ìtọ́jú ní òdìkejì ọ̀sà fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ìbejì mi kò sì sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

"Táyé, lọ bá mi wò ó," ni Kẹ́hìndé máa ń wí. "Ṣebí èmi ẹ̀gbọ́n ni mo rán ọ wá tọ́ ayé wò!"

Táyé á wo dígí ní orúkọ ara rẹ̀, á padà sórí ìlà, á tún wò ó ní orúkọ Kẹ́hìndé. Èmi olùkọ́ tó ń ṣọ́ géètì rí wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo pè é ní eré ọmọdé.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Fadérera, ọmọ kíláàsì Táyé, ń húkọ́ lórí ìlà. Ó fẹ́ sá lọ sílé, Táyé dí i lọ́nà.

"Jẹ́ n lọ jàre! Wọ́n á gbé mi lọ."

"Wọ́n á gbé ọ padà wá," ni Táyé dá a lóhùn. "Kẹ́hìndé ò lè padà mọ́."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jọ dúró síwájú dígí náà.