Ihò Ẹ̀yìn Ilé Òkété

Ẹ bá mi gbe àlọ́ mi o! Kò rìn jìnnà, ẹnu ihò Òkété ló balẹ̀ sí.

Ihò méjì ni ilé Òkété ní: ti iwájú fún wíwọlé, ti ẹ̀yìn fún ọjọ́ ewu. Ekùrọ́ tí ará ilé rẹ̀ yóò jẹ lóòjọ́ ni Òkété ń kó wálé. Ṣùgbọ́n "ó tó" kò sí lẹ́nu ìyàwó Òkété. Bó ti ń kó ekùrọ́ bọ̀ ló ń kọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta a sì máa gbè é:

Ẹ jẹ́ n kó o wálé —
Ilé ò tíì kún!
Tòní, tọ̀la, tọ̀túnla —
Ilé ò tíì kún!

Nígbà tí yàrá kún, ó kó ìyókù sínú ihò ẹ̀yìn.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀nà àsálà wa lo dí yẹn."

"Bàbá wọn, ṣé kí ebi wá pa wọ́n ni?"

Lọ́jọ́ tí tọkọtaya jáde, ọdẹ kan finá sí ewé tútù lẹ́nu ihò iwájú. Èéfín kún ilé. Àwọn ọmọ sá sẹ́yìn, ekùrọ́ ni wọ́n bá lọ́nà. Ibẹ̀ ni ọdẹ ti gbẹ́lẹ̀ kó wọn lọ.

Tọkọtaya dé, wọn ò bá ọmọ kankan nílé. Òkété kò bá ìyàwó rẹ̀ wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kó ekùrọ́ kúrò nínú ihò ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ bá a kó o. Bó ti mọ́ ọn lára, orin bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

Tòní, tọ̀la, tọ̀túnla —

Ó dákẹ́, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó gbè é.